Mo Ní Kó Mú Tèmi

Ajé, 6 oṣù kẹwàá

Ọ̀gá ti pín iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ fún ilé ìwòsàn. Gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń rán àwọn aláìsàn létí ọjọ́ tí wọ́n máa wá rí dókítà la máa tún kọ láti ìsàlẹ̀, torí èyí tó wà nílẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Èmi ni mo ni apá àkókò, ìyẹn ìgbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ máa jáde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ni apá orúkọ: ta ló yẹ kó lọ bá, ta ló yẹ ká yọ kúrò. Títí di òní, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń fọwọ́ yọ orúkọ àwọn tó bá ti kú. Iṣẹ́ tuntun yìí ló yẹ kó gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Inú ẹ̀ka kan náà, ìyẹn ẹ̀dà iṣẹ́ tá a yà sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, la ti jọ máa ṣe é, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sì ṣí ẹ̀ka ọ̀hún lórúkọ ara ẹ̀. Ọ̀gá ló ní kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ yìí lòun máa fi pinnu bóyá òun á fìdí ẹ̀ múlẹ̀ níbi iṣẹ́ lópin oṣù tàbí kó máa lọ sílé.

Àbúrò ọkọ mi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ, ó ti wá ràn dé ọ́fíìsì báyìí, Ọ̀gá pàápàá ò pè é ní nǹkan míì mọ́. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ló ń gbé. Èmi náà ni mo bẹ Ọ̀gá kó gbà á síṣẹ́, nítorí náà tó bá ṣe dáadáa, èmi ni mo ṣe dáadáa. Òjò rọ̀ láàárọ̀. Owó ọkọ̀ tún ti lọ sókè.

Ọjọ́bọ̀, 9

Nídìí oúnjẹ ọ̀sán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń sọ ohun tójú ẹ̀ ń rí nínú kóòdù àtijọ́ fún Ìyá Àyẹ̀wò, ìyẹn obìnrin tó máa ń bá wa dán iṣẹ́ wò. Ó ní, "Ẹ wá wo ibì kan, mà. Ẹni tó kọ ọ́, bí ẹni tí ajá ń lé ni. Ó kọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó wá kọ sókè ẹ̀ gàdàgbà pé, 'Má fọwọ́ kàn án!'"

Ìyá Àyẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, torí ó mọ ẹni tó kọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ ọ́. Lọ́dún yẹn ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, mi ò kì í rí oorun sùn, mo sì ń kọ kóòdù bí ẹni tó ń lá àlá. Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo bu omi mu dípò ẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ.

Ẹtì, 10

Ó ti pa gbogbo ibi tí mo kọ "má fọwọ́ kàn án" sí rẹ́. Kò bi mí.

Ìṣẹ́gun, 14

Òjò láti àárọ̀. Ilé ìwé ọmọ mi ránṣẹ́ pé kí àwọn òbí tètè wá kó ọmọ wọn, omi ti ń gba ojú ọ̀nà. Mo fẹ́ ti iṣẹ́ mi sókè sínú ẹ̀ka wa kí n tó lọ, kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ti tirẹ̀ sókè ṣáájú mi, pé ìlà tèmi àti ìlà tirẹ̀ ń jà, wọ́n sì ń jà níbi tó pọ̀. Irú ìjà bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń parí ẹ̀. Ka tìẹ, ka tẹnì kejì, mú èyí tó tọ́, tàbí kó o so méjèèjì pọ̀. Bí mo ṣe ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn, tí màá tún máa na ìka sí wọn.

Mo parí ìjà bíi méjì mẹ́ta. Wọ́n tún pè láti ilé ìwé. Mo ní kí kọ̀ǹpútà mú tèmi níbi gbogbo.

Kò ju ká tẹ bọ́tìnì kan lọ. Gbogbo ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fún iṣẹ́ wa yege, àmì àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Mo tì í sókè, mo sáré jáde. Ọmọ mi àti olùkọ́ ẹ̀ nìkan ni mo bá lábẹ́ òrùlé. Bàtà mi ti bàjẹ́, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.

Ọjọ́rú, 15

Ọ̀gá rán Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn láti lọ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe máa lo iṣẹ́ tuntun. Èmi ni mo yẹ iṣẹ́ wò fún ìgbà ìkẹyìn. Ojú ìwé tí mo fẹ́ kà gùn bí ọ̀nà oko, mo sì ní kí ni mo tún ń kà, ṣebí èmi ni mo ṣe ìdajì ẹ̀. Mo fọwọ́ sí i.

Bí a ṣe máa ń ṣe é níbí, gbogbo àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ka di ẹyọ kan ṣoṣo nígbà tó wọ inú ìtì, ìyẹn ojúlówó iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn ń lò, orúkọ ẹni tó ṣí ẹ̀ka ló sì wà lára ẹ̀. Sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo wa ń kó iṣẹ́ sí, gbá ẹ̀ka náà dànù fúnra ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìtàn kóòdù wa láti òní lọ á rò pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan ló ṣe gbogbo ẹ̀. Mo pè é láti sọ fún un, ó pariwo ayọ̀ débi pé mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì kan ń ní kó rọra. Ìyá ọkọ mi pè mí nírọ̀lẹ́, ó fi àdúrà bò mí mọ́lẹ̀. Mo ṣe àmín títí ẹnu fi ro mí.

Àbámẹ́ta, 18

Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde láàárọ̀ àná. Lónìí, aṣọ ni mo ń fọ̀ nígbà tí Ọ̀gá pè. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Ọ̀gá kì í pariwo, pẹ̀lẹ́ ló máa ń sọ tó bá fẹ́ géni jẹ. Ó ní ilé ìwòsàn ń sọ pé àwọn òkú la ń pè. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ sórí fóònù àwọn tó ti kú, sórí fóònù ọmọ wọn, sórí fóònù ọkọ wọn. Ọkùnrin kan gbé tiẹ̀ wá bá wọn: wọ́n ní kí ìyàwó ẹ̀ wá rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Ìyàwó ọ̀hún ti kú láti ìgbà òjò àkọ́rọ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jáde láti yàrá ẹ̀yìn, fóònù lọ́wọ́, ojú ẹ̀ ti yí padà. Wọ́n ti pe òun náà.

Ó ní, "Kò lè ṣẹlẹ̀. Mo kọ ibi tó ń yọ wọ́n kúrò. Mo kọ ọ́, Ìyàwó wa!"

Mo ní, "Mo mọ̀ pé o kọ ọ́."

Ẹnu mi ò tíì padé tí mo fi rántí. Ọwọ́ mi wà nínú omi ọṣẹ. Ìdánwò tó kọ fún ibi yẹn náà, inú ohun tí mo ní kí kọ̀ǹpútà jù nù ló wà, ìdí tí gbogbo àmì fi jẹ́ àwọ̀ ewé nìyẹn. Mo nu ọwọ́, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo dá gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ dúró. Ó padà sí yàrá ẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ọkọ mi wọlé lọ pẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Mo sá aṣọ tó kù láì fún omi ara wọn.

Àìkú, 19

Mi ò jáde. Ojú ń tì mí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo rò pé ojú kì í tini láìsí ẹni tó ń woni. Irọ́ ni.

Màá sọ ọ́ lọ́la níbi ìpàdé.

Ajé, 20

Mi ò sọ ọ́.

Ọ̀gá gbé ìtàn kóòdù sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo, orúkọ kan ṣoṣo. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. O ní o kọ ọ́. Níbo lo kọ ọ́ sí?" Ibi tó yẹ kó wà, kóòdù àtijọ́ ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀ rí. "Má fọwọ́ kàn án" ti padà sípò ẹ̀, lẹ́tà ńláńlá.

Ó wo ògiri yẹn pẹ́. Mo rò pé á yíjú sí mi. Mo ti ń wá ohun tí màá sọ tó bá yíjú. Kò yíjú. Ó ní, "Mi ò rí i níbẹ̀, sà."

Ọ̀gá ní, "O ò rí i níbẹ̀ torí o ò kọ ọ́."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n la ẹnu. Mo sì là á, Ọlọ́run mi, ohun tí mo sọ rèé: "Ẹ ṣe sùúrù fún un, sà. Ọmọdé ni. Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó yẹ kí n rí i." Gbogbo wọn wò mí bí èèyàn dáadáa. Ọ̀gá wá mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí nǹkan? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Mo jókòó. Mo ti fi ẹ̀ṣẹ̀ mi kọ́ ọ lọ́rùn tán, mo tún gba ìyìn lórí ẹ̀.

Nílé, ọkọ mi ní, "O ṣeun tó o gbèjà ẹ̀." Kò wò mí nígbà tó ń sọ ọ́, bàtà ló ń bọ́.

Ìṣẹ́gun, 21

Ẹ̀ka àtijọ́ ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà tèmi. Àkọsílẹ̀ mi wà nínú ẹ̀, orúkọ mi, ọjọ́, àkókò, àti gbogbo ìlà tí mo pa.

Mo pa ẹ̀ka náà rẹ́.

Ọjọ́rú, 22

Ẹ̀dà ọwọ́ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́? Gbogbo ẹni tó bá ti fa iṣẹ́ wálẹ̀ láti sáfà sórí kọ̀ǹpútà ara ẹ̀ ló ní ẹ̀dà. Ó lè ṣí tiẹ̀ nígbàkigbà, kó fi han Ọ̀gá. Àmọ́ èmi ni mo kọ́ ọ pé tí iṣẹ́ bá ti wọ ìtì, kó gbá ẹ̀ka tó kù nílẹ̀ dànù, kí ilé lè mọ́. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ó dájú pé ó ti gbá a.

Mo ń dúpẹ́ pé ó ń gbọ́ràn. Irú ẹni tí mo dà rèé.

Tòmátì ti wọ́n. Mo ra àlùbọ́sà nìkan.

Ọjọ́bọ̀, 23

Ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ ti kú yẹn wá sí ọ́fíìsì. Ilé ìwòsàn ló ní kí Ọ̀gá pè é, ká lè bẹ̀ ẹ́ lójúkojú. Káfíńtà ni. Aṣọ tó wọ̀ mọ́, ó lọ̀ ọ́, àmọ́ ìyẹ̀fun igi ṣì wà lára irun apá ẹ̀. Mo gbé omi fún un, kò mu ún. Ọ̀gá sọ tiẹ̀ tán, ó wá ní kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọ tiẹ̀.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ó dùn wá gan-an." Kò pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ òun, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ wa.

Ọkùnrin náà ní, "Dìde, ọmọ mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà." Ó ń fi àtàǹpàkò pa etí tábìlì wa lára, bóyá ó ń wo irú igi tó jẹ́. Ó wá ní, "Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tí mo kà á, mo ti lọ ṣí dúrọ́ọ̀. Káàdì ilé ìwòsàn ẹ̀ ni mo ń wá. Mo ti ń bínú sí i pé kì í fi nǹkan síbi tó yẹ, kí n tó rántí."

Mo dúró nídìí ilẹ̀kùn, gíláàsì omi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ yẹn. Mo sọ fún orúnkún mi, kò dá mi lóhùn. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo fọ ojú mi, mo padà sídìí iṣẹ́. Wọ́n rò pé àánú ló ń ṣe mí.

Àbámẹ́ta, 25

Ìrẹsì la jẹ. Ọkọ mi mú ẹran inú àwo ẹ̀, ó fi sínú àwo àbúrò ẹ̀. Ọmọ wa ní, "Dádì, èmi ńkọ́?" Ó ní kó jẹ ti iwájú ẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò jẹ ẹran náà, kò sì dá a padà. Ó kó àwo gbogbo wa, ó lọ fọ̀ ọ́. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó, Ìyàwó wa. Ẹ ti ṣiṣẹ́." Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn ẹ̀, ìyẹn ló tún burú.

Ìyá ọkọ mi pè. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ẹ wà níṣọ̀kan nínú ilé yẹn?" Mo ní a wà níṣọ̀kan, mà. Ó ní, "Iṣẹ́ ò tán láyé o. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọ yàrá yín." Ó ń bẹ̀ mí nítorí ọmọ ẹ̀, ìyá tó bí mi ò bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ṣe àmín, àmín.

Ajé, 27

Ọ̀gá pè mí sí yàrá ẹ̀, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

"Pẹ̀lẹ́ o. Ilé ìwòsàn ní àwọn fẹ́ gbọ́ pé ẹni tó ṣe é ò sí lọ́dọ̀ wa mọ́. Èmi ò fẹ́ fọwọ́ ara mi lé ọmọ olọ́mọ jáde. Ìwọ lo mú un wá, ìwọ lo mọ iṣẹ́ ẹ̀. Kọ èrò ẹ fún mi kó tó di Fúráìdeè. Ohun tó o bá kọ ni màá tẹ̀ lé."

Mo jáde pẹ̀lú iṣẹ́ ọmọ yẹn ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Ọgbọ́n àyínìke ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: kí n yìn ín dáadáa, kí Ọ̀gá fi í sílẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ sì parí síbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Mo kọ pé ọpọlọ ẹ̀ jí pépé. Mo kọ pé ó máa ń tètè dé. Kí ó má bàa dà bíi pé mò ń gbè é nítorí ìbátan, mo tún kọ pé ó kù díẹ̀ kó kọ́ ìfarabalẹ̀.

Èmi ni mo kọ ọ́. Pé kó kọ́ ìfarabalẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 28

Ọ̀gá ní kí n tún ìlà tó sọnù kọ, kí àtẹ̀jíṣẹ́ lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo jókòó tì í láti àárọ̀. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kò dáa tó ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kò dáa tó tirẹ̀? Torí mo ka tirẹ̀. Irọ́ ni mo pa síbí lọ́jọ́ kẹrìnlá. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe ilé ìwé. Mo rí ìlà yẹn lójú ara mi. Ó kọ sókè ẹ̀ pé: "Ẹni tó bá ti kú, ká má pè é mọ́." Ó mọ́ tónítóní, ó kúrú, mo rí i pé ó ju ohun tí èmi lè kọ lọ. Ẹ̀rín ìdí oúnjẹ ọjọ́sí dún padà sí mi létí. Mo ní, ta tiẹ̀ ni ọmọ yìí? Ìgbà yẹn ni mo tẹ bọ́tìnì. Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán ni ilé ìwé tó pè lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwé tí èmi nìkan ń kà ni mo parọ́ sí. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń tàn.

Ọjọ́rú, 29

Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́. Mo lọ ra búrẹ́dì. Mo tún kọ òótọ́ ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 30

Kò sí àyípadà tó ń wọ inú iṣẹ́ wa tí kò ní ọ̀rọ̀ lára, ìlà kan tàbí méjì tó ń sọ ohun téèyàn ṣe. Gbogbo wa ló ń kà á, kì í sì í kúrò nínú ìtàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, "mo tún un ṣe díẹ̀" ni tèmi máa ń jẹ́. Tòní rèé:

"Mo dá ìlà tó ń yọ orúkọ àwọn tó ti kú padà. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí iṣẹ́ wa jà, èmi ni mo ní kó mú tèmi níbi gbogbo, mo sì rí tirẹ̀ kí n tó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, mo pa ẹ̀ka tó wà lọ́dọ̀ mi rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀."

Mo tì í sókè. Kọ̀ǹpútà gbogbo èèyàn dún tín-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí àga Ìyá Àyẹ̀wò yí. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tó o ń na ìka sí wa?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà ẹ̀. Ó kà á, ó fọwọ́ sí i pé ó yege, ó wá kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sábẹ́ ẹ̀: "Ìdánwò ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kún un." Mo fi kún un.

Ọ̀gá ò tiẹ̀ sọ pẹ̀lẹ́. Ó ní láti òní lọ, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pé tèmi náà, ẹlòmíì ló máa máa yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ ìtì, òun ò sì mọ ìgbà tó máa parí. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ ara mi lọ bá káfíńtà yẹn.

Mo lọ. Ìsọ̀ ẹ̀ kún fún ilẹ̀kùn tí kò tíì ní ilé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó fá igi tó ń fá títí dé òpin, ó ní, "Ọmọ yẹn ló wá kúnlẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Ìwọ ti kúnlẹ̀ fún òun?"

Ẹtì, 31

Ọ̀gá fìdí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ múlẹ̀ láàárọ̀. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, mi ò mọ ibi tí màá wò.

Nígbà tá a délé, oòrùn ò tíì wọ̀, mo kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Aṣọ ló ń ká. Mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú ní apá méjèèjì kí orúnkún mi tó kanlẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ dákun. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi."

Mo ní, "Jẹ́ kí n ṣe é. Mo purọ́ mọ́ ẹ. Mo dúró, mo ń wò ẹ́ tó o kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn."

Kò fi apá mi sílẹ̀. Ó fi orí tọ́ka sí kọ̀ǹpútà ẹ̀ tó wà lórí ibùsùn. Ó ní, "Mi ò gbá ẹ̀ka yẹn dànù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ Sátidé tí Ọ̀gá pè yẹn ni mo ṣí i. Mo fà á wálẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ tì í sókè. Mo rí i pé ẹ̀yin ni."

Mo jókòó sórí aṣọ tó ti ká. Mo ní, "Láti Sátidé? Kí ló dé tó ò fi sọ?"

"Mo sọ. Mo sọ fún bọ̀ọ̀dá nígbà tí wọ́n wọlé wá pẹ̀ mí. Àwa méjèèjì wá pe Màámi." Ìgbà yẹn ló tó fi apá mi sílẹ̀. "Màámi ní iṣẹ́ míì á wá. Wọ́n ní ilé ò ṣeé wá bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní tí n bá tú u síta, ẹ ò ní lè gbójú sókè nínú ilé yìí mọ́, pé kí n jẹ́ kó kọjá lórí mi."

Gbogbo ẹ̀ ń já lulẹ̀ lọ́kàn mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọpẹ́ tí ọkọ mi dú nígbà tó ń bọ́ bàtà. Ẹran inú àwo. Ẹ̀bẹ̀ Màámi lórí fóònù. Mo rò pé ọmọ ẹ̀ ló ń bẹ̀ mí fún, èmi ló ń bá bo àṣírí.

Mo ní, "Ṣé inú ò bí ẹ ni?"

Ó ní, "Inú bí mi, mà. Ó ṣì ń bí mi. Mo ti ń wáṣẹ́ sí ibòmíì, mo lè lọ, mi ò tíì mọ̀."

Mo ní, "Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ sọ fún mi?"

Ó gbé aṣọ kan, ó ká a, ó gbé e lé àwọn tó kù. Ó ní, "A ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a mọ̀ rárá."

Mi ò mọ bí mo ṣe dé pálọ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó sún díẹ̀ lórí àga kí n lè jókòó, mo jókòó. Fóònù mi dún, Màámi ni. Mo jẹ́ kó dún pẹ́ kí n tó gbé e.

Mo ní, "Màámi, èmi ni mo ṣe é."

Ó ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Wọ́n ti pè mí." Ó béèrè ọmọ wa, ó béèrè bóyá òjò ṣì ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní, "Ìwọ alára ńkọ́, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹun, mà. Ó ní ó dáa, ó ní ká sùn re, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo jókòó díẹ̀. Mo tún pè é padà. Mo ní, "Màámi, mi ò tíì jẹun."